Kí ló ń pa tòmátì yín? Ìtàn bí wọ́n ṣe dá àrùn tòmátì mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jẹ mọ́ tòmátì tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò parí dáadáa.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ gbin ìdí mẹ́wàá, ó ta, ó yọ òdòdó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewé rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Aládùúgbò kan ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ bomi rin ín. Ẹlòmíràn ní ajílẹ̀ ni kò tó, ẹ da ajílẹ̀ sí i. Ẹnì kẹta ní kòkòrò ni, ẹ ra oògùn lọ́jà, ẹ fọ́n ọn sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi yípo, tòmátì ti kú. Owó ajílẹ̀ lọ, owó oògùn lọ, ọbẹ̀ kò sì rí tòmátì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòmátì rí. Ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè mú kí ewé rẹ̀ rọ tàbí kí ó pọ́n, kò sì sí oògùn kan ṣoṣo tó lè wo márààrún. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ fi ń ya àrùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, ẹ̀yin lè fi ọ̀bẹ kan àti ife omi kan wò ó lẹ́yìnkùlé yín.

Ibi tí tòmátì ti wá

Tòmátì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Apá ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí Peru àti Ecuador wà lónìí, ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn ará Mexico ni wọ́n gbìn ín tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí tó fi di èso ńlá, inú èdè wọn sì ni orúkọ tí a ń pè é ti jáde. Àwọn ará Sípéènì ló gbé e kọjá òkun. Ní ọdún 1544, oníṣègùn ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Mattioli ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ayé, tó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ìdí tí a fi sọ èyí ni pé díẹ̀ nínú àwọn ìbátan tòmátì ṣì ń hù nínú igbó lẹ́bàá òkun Peru, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Irúgbìn tí ìran rẹ̀ mọ ọ̀gbẹlẹ̀, tí a wá gbé wá sí ilẹ̀ ọ̀rinrin bíi tiwa, kò lè ṣe kó má bá ọ̀tá pàdé. Ìdí nìyí tí tòmátì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń bomi rin lápá Kano fi máa ń rọrùn láti tọ́jú ju tòmátì ìgbà òjò lọ́dọ̀ wa lọ.

Èyí tó rọ lójijì tí ewé rẹ̀ ṣì tutù

Ní ọdún 1896, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Erwin Smith kọ̀wé nípa àrùn kan tó ń pa tòmátì, ọ̀dùnkún òyìnbó àti ikàn. Ó ní kòkòrò bakitéríà, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń gba inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò, tí í bí sí i nínú igi rẹ̀ títí tí yóò fi dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Láyé ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gbà pé bakitéríà lè pa irúgbìn rárá. Ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì, Alfred Fischer, bá a jiyàn nínú ìwé fún ọdún mélòó kan. Smith kó ẹ̀rí jọ títí tí ọ̀rọ̀ náà fi yanjú, òun ni òótọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmì àrùn yìí ni pé tòmátì yóò rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ó lè tún nàró lálẹ́, kí ó tún rọ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá rí i báyìí yóò rò pé òùngbẹ ni. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù tí tòmátì sì ń rọ, kì í ṣe òùngbẹ. Ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí èyí tí ẹ gé gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ fi sínú ife tí a lè rí inú rẹ̀, tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé kan omi. Ẹ má ṣe mì ín. Bí nǹkan funfun bí omi wàrà bá ń ṣàn jáde níbẹ̀ bí òwú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà yẹn ni.

Kò sí oògùn fífọ́n tó lè wo àrùn yìí sàn. Ẹ hú ìdí tó ṣe náà tòun ti gbòǹgbò, kí ẹ sun ún. Ẹ má ṣe jù ú sórí ààtàn tí ẹ ó fi ṣe ajílẹ̀. Ẹ fọ ọ̀bẹ àti ọkọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi ibẹ̀ ṣàn lọ sí ibòmíràn. Ilẹ̀ náà kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà, fún ọdún mélòó kan, ẹ má ṣe gbin tòmátì, ata, ikàn tàbí tábà síbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ohun tó bá pa ọ̀kan máa ń wá èkejì wá. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn síbẹ̀.

Èyí tó ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, àti lẹ́tà tó wà lára agolo

Àrùn mìíràn wà tó jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í yára tó o. Ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, nígbà mìíràn lápá kan ṣoṣo, kí ó tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá la igi rẹ̀, ẹ ó rí i pé abẹ́ èèpo rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣàn funfun nínú omi. Irú èbu kan tí ń gbé inú ilẹ̀ ni, Fusarium ni wọ́n ń pè é. Ọ̀mọ̀wé George Massee ló kọ̀wé nípa rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1895, ọdún kan ṣáájú ìwé Smith.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ́gun èyí yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1940, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Bohn àti Tucker, rí i pé irú tòmátì wẹ́wẹ́ kan tó jẹ́ ti inú igbó ní Gúúsù Amẹ́ríkà kì í kó àrùn yìí. Wọ́n mú un bá tòmátì oko tan, àwọn ọmọ tí ó bí sì ní agbára ìyá wọn. Láti ibẹ̀ ni lẹ́tà tí ẹ ń rí lára agolo irúgbìn ti wá.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ra Roma VF rí. F yẹn dúró fún Fusarium, V sì dúró fún Verticillium, èbu inú ilẹ̀ mìíràn. Bí ẹ bá rí N níbẹ̀, ti aràn inú gbòǹgbò nìyẹn, a ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: kò sí bakitéríà Smith nínú V àti F. Àgbẹ̀ tó ra Roma VF tó sì rí i tó rọ lójijì lè rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè má jẹ́ ayédèrú rárá. Ọ̀tá tó wá bá a kọ́ ni èyí tí wọ́n dìhámọ́ra fún irúgbìn náà láti bá jà. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó fi owó àjọ ra irúgbìn, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa tòmátì ládùúgbò yín, kí ẹ tó wo lẹ́tà tó wà lára agolo.

Èyí tó ràn, tí kò dàgbà, tí kò sì tètè kú

Tòmátì mìíràn wà tí kì í kú, ṣùgbọ́n tí kì í dàgbà. Ewé rẹ̀ á pọ́n díẹ̀, èso rẹ̀ á kéré, oòrùn ọ̀sán á sì máa mú un rọ. Ajílẹ̀ kò ràn án. Ẹ hú ọ̀kan, kí ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá ní kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, aràn inú ilẹ̀ ni, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i.

Àlùfáà ìjọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Miles Berkeley, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa kókó yìí ní ọdún 1855, lára gbòǹgbò apálá òyìnbó. Ní ọdún 1944, wọ́n tún rí ìrànlọ́wọ́ lára ìbátan tòmátì mìíràn láti Peru tí aràn yìí kì í lè ràn. Ó ṣòro láti mú un bá tòmátì oko tan, nítorí pé ọmọ inú kóró rẹ̀ kì í yè. Inú ìgò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀pọ̀ tòmátì tó ní lẹ́tà N lónìí, inú ìran ọ̀kan yẹn ni agbára wọn ti wá.

Ẹ má ṣe da kókó yìí pọ̀ mọ́ èyí tó máa ń wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà. Ti ẹ̀wà dára, ó máa ń bọ́ bí ẹ bá fọwọ́ ra á. Ti tòmátì kì í bọ́, nítorí pé gbòǹgbò náà gan-an ló wú. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má ṣe gbin ewédú tàbí ilá tẹ̀lé tòmátì níbẹ̀, nítorí pé oúnjẹ aràn náà ni àwọn wọ̀nyí. Ẹ tú ilẹ̀ náà nígbà ọyẹ́, kí oòrùn pa á, kí ẹ sì fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i kí ẹ tó gbìn.

Èyí tí kì í ṣe àrùn rárá

Nígbà mìíràn, igi tòmátì lè dára, kí ìdí èso rẹ̀ wá di dúdú, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ kan rí èbu lórí dúdú náà, wọ́n sì ní èbu ló fà á. Ṣùgbọ́n igúnnugún tó bà lé òkú ẹran kọ́ ló pa á. Láàárín ọdún 1942 sí 1944, ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kálísíọ́ọ̀mù ni kò tó nínú èso náà.

Ẹ má ṣe sáré lọ ra èròjà yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ó wà níbẹ̀, omi tí yóò gbé e dé inú èso ni kò lọ déédéé. Bí ẹ bá fi tòmátì sílẹ̀ láìbomi rin fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹ wá rọ garawa méjì sí i lọ́jọ́ karùn-ún, ìdí èso á dúdú. Àpọ̀jù ajílẹ̀ tí ń mú ewé gbòòrò náà lè fà á. Ẹ máa bomi rin ín níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ẹ má sì fi ọkọ́ gé gbòǹgbò rẹ̀. Àrùn yìí kì í ràn, kò sì sí ohun tí oògùn kòkòrò lè ṣe sí i.

Òdòdó tó ń já náà ńkọ́? Ní ọdún 1944, Frits Went, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà, kọ̀wé pé ooru òru ló ṣe pàtàkì jù fún tòmátì láti so. Bí òru bá tutù níwọ̀nba, òdòdó á di èso. Bí òru bá móoru jù, òdòdó á já. Nítorí náà, bí òdòdó yín bá ń já nígbà tí ooru mú gan-an, ẹ má ṣe fi owó oògùn ṣòfò. Ẹ ṣírò oṣù tí ẹ ó máa gbìn, kí ìgbà òdòdó lè bọ́ sí àsìkò tí òru tutù.

Ọwọ́ wa náà ń gbé àrùn

Ní ọdún 1886, Adolf Mayer kọ̀wé láti ilẹ̀ Netherlands nípa àrùn ewé tábà kan tí ń mú ewé ṣe àdíkálà, ibì kan á dúdú, ibì kan á mọ́. Ó fi omi ewé tó ń ṣàìsàn sí ara èyí tó sàn, òun náà sì ṣàìsàn. Ní ọdún 1892, Ivanovsky ní Rọ́ṣíà sẹ́ omi náà pẹ̀lú asẹ́ tí bakitéríà kankan kò lè kọjá, síbẹ̀ omi náà ṣì ń ran irúgbìn. Ní ọdún 1898, Beijerinck ní Netherlands sọ pé nǹkan ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe bakitéríà. Bí ayé ṣe mọ ohun tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì nìyẹn, láti ara ewé tábà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá tàbí tí ẹ ń fín aáṣáà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Fáírọ́ọ̀sì kan náà ń mú tòmátì, ó sì lè wà láàyè fún ọdún púpọ̀ nínú tábà gbígbẹ. Ọwọ́ tó ti fọwọ́ kan tábà, tó wá ń gé ẹ̀ka tòmátì, lè gbin àrùn sí gbogbo ìdí tó bá fọwọ́ kàn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọ ibi tí tòmátì wà. Ọṣẹ kò wọ́n tó oògùn, oògùn kò sì lè wo fáírọ́ọ̀sì.

Oògùn bàbà àti ohun tó lè ṣe

Àwọn kan á ní, “Ṣé gbogbo oògùn kò wúlò mọ́ ni?” Ó wúlò níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nílẹ̀ Faransé, lẹ́bàá Bordeaux, àwọn tó ń gbin èso àjàrà máa ń da èròjà bàbà pọ̀ mọ́ ẹfun, wọ́n á wọ́n ọn sí ewé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí olè má baà já èso wọn jẹ. Ní ọdún 1882, Ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet ṣàkíyèsí pé àwọn ewé tí wọ́n wọ́n nǹkan sí láti lé olè yìí kò ní èbu, nígbà tí ti inú oko ti wọ́wé. Ó ṣèwádìí rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1885.

Oògùn bàbà ṣì wà títí dòní fún àmì dúdú tí ń bá ewé tòmátì jà nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí ó ti wá: orí ewé ló ń dúró sí láti dènà olè kí ó tó wọlé. Kì í lé olè tó ti wọ yàrá, kò sì lè tẹ̀lé èyí tó gba abẹ́ ilẹ̀ wọ gbòǹgbò. Ẹ̀kọ́ ọdún 1896 àti ti ọdún 1885 kò jọra.

Ọ̀tá tó dé gbẹ̀yìn

Ní ọdún 1917, Edward Meyrick ará Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ àfòpiná kékeré kan tí wọ́n mú ní Peru sínú ìwé. Tuta absoluta ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2006, wọ́n rí i ní Sípéènì, láìpẹ́ ó kọjá sí Àríwá Áfíríkà, nígbà tó sì di ọdún 2015, ó ti wọ Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátì. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe tòmátì alágolo ní Kano ní láti ti ilẹ̀kùn nítorí pé kò rí tòmátì rà. Lọ́jà, agbọ̀n tòmátì di ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó mọ́.

Àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ fọ́n oògùn títí, kòkòrò náà kò kú. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdin rẹ̀ ń gbé láàárín èèpo òkè àti èèpo ìsàlẹ̀ ewé, oògùn kì í tètè kàn án níbẹ̀. Abo kan lè yé tó ẹyin 260, láàárín nǹkan bí oṣù kan ni ẹyin sì ń di àfòpiná. Bí ẹ bá ń lo oògùn kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó bá yè nínú wọn á bí ọmọ tí oògùn náà kò ràn mọ́. Èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Brazil àti Chile kí kòkòrò náà tó kọjá òkun rárá.

Àmì rẹ̀ ni ojú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà lára ewé, pẹ̀lú ìgbẹ́ dúdú nínú rẹ̀, àti ihò kékeré lẹ́bàá ìdí èso. Ní ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ yín ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ já ewé tó bá ní àmì yìí ní kíákíá, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn. Bí ìkórè bá parí, ẹ má ṣe fi igi tòmátì gbígbẹ sílẹ̀ lóko. Nínú ẹgbẹ́, gbogbo yín ni kí ẹ jọ ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé àfòpiná kò mọ ààlà oko.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Bí tòmátì yín bá ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe sáré lọ sọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ bóyá ó gbẹ. Ẹ wo ewé lókè àti lábẹ́. Ẹ wo ìdí èso. Ẹ hú ìdí kan tó ṣe jù, kí ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ sínú ife omi. Ìdí kan tí ẹ hú yìí kì í ṣe òfò, òun ni yóò gba àwọn tó kù là. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé yín, ẹ gbé e tọ òṣìṣẹ́ agbaninímọ̀ràn nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín lọ, kí ó ṣì tutù. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, tí a mọ̀ sí NIHORT, wà fún irú iṣẹ́ báyìí pẹ̀lú.

Tòmátì tí ẹ ń fọ́n oògùn sí, inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ọmọ yín ló ń lọ. Oògùn tí kò bá àrùn mu kò ní wo tòmátì sàn, ṣùgbọ́n ó lè dé inú àwo. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó náwó lé e lórí.